Ọ̀rẹ́ Aláìlójú Tó Wà Nínú Fóònù Mi

Bí irọ́ bá wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kí n rì sínú kòtò ọ̀dà dúdú tó wà ní Agbabu dé ọrùn, kí ẹnikẹ́ni má fà mí jáde. Kí táyà ọ̀kadà mi méjèèjì bẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà láàárín igbó, kí òjò máa rọ̀, kó sì jẹ́ ìyá ìyàwó mi ni mo gbé sẹ́yìn. Mo ti búra tán. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mi sá òjò wọ abẹ́ páànù yìí, ẹ fetí sílẹ̀.

Ṣẹ́gun tó jókòó yìí ní mi ò tíì ní ìyàwó, pé ìyá ìyàwó wo ni mo fẹ́ gbé. Ẹ má dá a lóhùn. Ọ̀kadà lòun náà ń gùn, àmọ́ tèmi ló ń ya bọ́ọ̀sì Benin sílẹ̀ bí ẹni ya òkúta. Lọ́jọ́ kan, mo kúrò ní Ore níbí, mo gbé èrò dé Omifunfun, mo sì ti ń padà bọ̀ kí eruku tí mo kọ́kọ́ tú tó balẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ fóònù la fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ Àzíìzàt ni, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àsíátù. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni, ó wà ní pírámárì fáìfù. Lẹ́yìn ọjà là ń gbé, èmi, ẹ̀gbọ́n mi tó ń ta aṣọ ọmọdé, àti ọmọ náà. Bàbá ẹ̀ ń wa tírélà lọ sókè Ọya, a kì í rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù lọ.

Nígbà tí mo ra fóònù ńlá, gbogbo Odigbo ló gbọ́. Fóònù yẹn fẹ̀ débi pé bí òjò bá ká ẹ mọ́ ojú títì, o lè fi borí. Kámẹ́rà ẹ̀ lè rí ẹni tó ń jẹun l'Ékòó, kó sọ irú ẹran tó wà nínú ọbẹ̀ ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mi ò sọ fún yín nígbà yẹn: mi ò lè kàwé. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́ àwọn ẹgbẹ́ mi ní A, mo wà lóko. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́ wọn ní B, oko náà ni mo wà.

Bí Àzíìzàt ṣe di akọ̀wé mi nìyẹn. Bí mo bá ti wọlé, màá na fóònù sí i, màá ní, akọ̀wé, kí ni wọ́n wí lónìí? Á kà á fún mi. Á bá mi dá àwọn èèyàn lóhùn. Ìka ẹ̀ yára ju ti ẹni tó ń ṣa ọ̀kà lọ. Nígbà tó bá ṣetán, á gbé fóònù wọ yàrá, á ti ilẹ̀kùn, á da aṣọ borí. Ìmọ́lẹ̀ là á máa rí lábẹ́ ilẹ̀kùn.

Mo máa ń fi yangàn. Mo sọ fún gbogbo páàkì pé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń kàwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pé bó bá pé ọdún méjìlá, òun ló máa máa kọ́ àwọn dókítà níṣẹ́. Kì í sì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni irọ́. Orí fóònù yẹn ló ti mọ bí ọkàn èèyàn ṣe ń tú ẹ̀jẹ̀ kiri ara. Ó fi ẹ̀kọ́ ìṣirò inú ẹ̀ gba ipò kejì ní kíláàsì. Ohun tó dáa wà níbẹ̀. Àmọ́ géèmù náà wà níbẹ̀, èèyàn sì wà nínú géèmù.

Ẹ jẹ́ ká dé Omifunfun. Àbúrò bàbá wa, Bàbá Ùsmọ́n, ló ń dáko kòkó níbẹ̀ lórí ilẹ̀ onílẹ̀ látọjọ́ tó ti kúrò nílé. Ó ní ọmọbìnrin kan, Límátù, ọmọ ọdún mọ́kànlá, pírámárì fáìfù lòun náà wà, nílé-ìwé abúlé wọn.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò wọ abúlé yẹn, àfi ojú kan. Orí pèpéle símẹ́ńtì tí Bàbá Ùsmọ́n ń sá kòkó sí ni. Kúrò lórí ẹ̀ ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta, fóònù á dákẹ́ bíi yangí. Tí iléèwé bá ti jáde lọ́sàn-án, àwọn ọmọ á bọ́ bàtà sílẹ̀, wọ́n á gun pèpéle. Fóònù Bàbá Ùsmọ́n ni gbogbo wọn ń lò, ẹyọ kan péré, ojú ẹ̀ ti fọ́ bí èèpo ẹyin. Ẹnì kan á gbé e dání, àwọn tó kù á máa fi ẹsẹ̀ wọ́ inú kòkó kó lè gbẹ dáadáa, wọ́n á sì máa gbọ́.

Òfin Bàbá Ùsmọ́n ni. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì òun á bá òun yí kòkó òun. Ó ní ohun tó bá sì wọlé sórí fóònù lórí pèpéle òun, kí wọ́n kà á síta, nítorí òun ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni dúró lórí kòkó òun kó máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Bàbá náà ò kàwé ju èmi lọ. Ó fẹ́ gbọ́ gbogbo ẹ̀.

Mo fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí ẹnu fi ń dùn mí. Mo ní ẹ̀yin ará oko, ogún èèyàn lórí fóònù kan, bí adìẹ lórí àgbàdo. Mo ní kí Límátù wá wo ìbátan ẹ̀ nígboro, tó ní fóònù sọ́wọ́ tirẹ̀ nìkan, tó ní yàrá, tó ní ilẹ̀kùn. Límátù rẹ́rìn-ín. Ó ní ilẹ̀kùn ò sí lórí pèpéle, Bọ̀dá Waheed, àmọ́ atẹ́gùn wà.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni Àzíìzàt yí padà. Oúnjẹ tó máa ń jẹ títí táwo fi máa ń bẹ̀ ẹ́, kò jẹ ẹ́ mọ́. Bí fóònù bá ké, á ta gìrì. Mo rí i tó ń ka nǹkan lọ́jọ́ kan, mo gba fóònù náà wò. Mo bi í pé ta ló kọ̀wé. Ó ní àwọn onísíìmù ni, wọ́n ní kí n ra dátà. Mo ní kó sọ fún wọn pé Waheed ò ráyè. Mo kúrò níbẹ̀, mo ń yin ara mi. Ojú mi ló wà lórí ìwé yẹn, ẹ̀yin èèyàn mi. Lẹ́tà ọ̀tá wà lọ́wọ́ mi, mo wò ó, mo dá a padà fọ́mọ.

Ṣẹ́gun ò rẹ́rìn-ín síyẹn. Ó dáa. Kò yẹ kó rẹ́rìn-ín.

Sátidé kan, ẹ̀gbọ́n mi ní kí n gbé Àzíìzàt lọ kí Bàbá Ùsmọ́n, kí n sì gba ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ní ká wá gbà. Odidi oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo gbé bọ̀ lọ́jọ́ yẹn lórí ọ̀kadà kan ṣoṣo. Ó dáa, ìdì méjì ni. Bí a ṣe gun pèpéle báyìí, fóònù mi tó ti dákẹ́ látìgbà tá a ti wọ igbó jí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ó ké nígbà àádọ́rin.

Àzíìzàt na ọwọ́. Ṣùgbọ́n Límátù ti gbà á lọ́wọ́ mi, kò tiẹ̀ bi ẹnikẹ́ni. Òfin pèpéle ni. Ó gbé e sókè, ó kà á bí ẹni tó ń kàwé níwájú tíṣà:

“Mo ṣì ń dúró dè ẹ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀, tẹ́ ẹ bá ti jáde nílé-ìwé, wá bá mi ní páàkì, ìwọ nìkan. Tó o bá sọ fún ẹnikẹ́ni, màá fi ohùn ẹ ránṣẹ́ sí ọ̀gá ilé-ìwé yín, wọ́n á lé ẹ.”

Ẹsẹ̀ gbogbo ọmọ dúró sínú kòkó. Bàbá Ùsmọ́n tó ń fi igi tú kòkó lápá kejì gbé igi ẹ̀ dúró. Límátù fúnra ẹ̀ wo ojú fóònù náà bíi pé ejò ló gbé dání.

Àzíìzàt jókòó lé kòkó gbígbóná, ó sunkún, ó sì tú gbogbo ẹ̀ jáde. Inú géèmù ni wọ́n ti pàdé. Ẹni náà ní Motún lòun ń jẹ́, ọmọ ọdún mọ́kànlá, nílùú Oǹdó. Motún mọ géèmù gbá. Motún máa ń yìn ín. Motún ní kó fi fọ́tò ránṣẹ́, Àzíìzàt fi tirẹ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù, orúkọ ilé-ìwé wà láyà ẹ̀ gbàgàdà. Motún wá ń bú tíṣà tirẹ̀, ó ní kí Àzíìzàt náà bú tirẹ̀ kí àwọn jọ rẹ́rìn-ín. Àzíìzàt gba ohùn ara ẹ̀ sílẹ̀, ó bú Màmá Ògúndípẹ̀, ọ̀gá ilé-ìwé wọn, ó sì fi ránṣẹ́.

Ọjọ́ kejì ni Motún yí ohùn padà. Ó ní òun ti fi èébú náà pamọ́, pé ohunkóhun tóun bá sọ báyìí ni kó ṣe. Lọ́jọ́ kan, ohùn kan ṣèèṣì wọlé láti ọ̀dọ̀ Motún. Ohùn ọkùnrin ni. Àgbà ọkùnrin, tó ń wúkọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko lọmọ yìí fi gbé e sínú, nínú ilé tí mo wà.

Mo já fóònù gbà, mo gbé e sókè kí n fi fọ́ símẹ́ńtì. Agbára tó wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ yẹn lè fọ́ pèpéle náà sí méjì. Límátù di ọwọ́ mi mú.

“Ẹ má fọ́ ọ, Bọ̀dá Waheed. Òun nìkan ló mọ ẹni náà.”

Ó ní tíṣà wọn ti sọ fún wọn ní kíláàsì pé bí nǹkan burúkú bá wọlé, kéèyàn má pa á rẹ́, kó má dá a lóhùn, kó gbé e tọ àgbà lọ. Bàbá Ùsmọ́n ní òun ò fẹ́ gbọ́, pé láti òní lọ, ọmọ kankan ò gbé fóònù lórí pèpéle òun mọ́. Àwọn ọmọ kùn. Límátù kọjú sí bàbá ẹ̀. Kò gbójú sókè o, ọmọ tó mọ̀wà ni, ṣùgbọ́n kò yẹ̀ sẹ́yìn.

“Bàbá, bí kò bá sí pèpéle yìí, ta ni ì bá gbọ́?”

Bàbá Ùsmọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú kòkó tó ti tú tẹ́lẹ̀.

Àzíìzàt wá béèrè bóyá lóòótọ́ ni wọ́n á lé òun nílé-ìwé. Ohun tó ń bà á lẹ́rù jù nìyẹn. Ó fẹ́ràn ilé-ìwé yẹn ju bí mo ṣe fẹ́ràn ọ̀kadà mi lọ. Ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Límátù ló jókòó tì í.

“Gbogbo wa la ti gbọ́ báyìí, o ṣì jókòó síbí. Ọ̀gá yín nìkan ló kù tí ò tíì gbọ́. Tíyẹn náà bá gbọ́, kí lọkùnrin yẹn máa wá fi dẹ́rù bà ẹ́?”

Àzíìzàt ronú sí i. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú.

“Èmi ni màá sọ fún wọn,” ó ní. “Ọkùnrin yẹn ò ní bá mi sọ ọ́.”

Nígbà tí mo gbé e padà wá sí Ore, kò ki fóònù sápò. Ó gbé e dání látìbẹ̀rẹ̀ dópin bí ẹni tó gbé ẹ̀kọ gbígbóná, kí n lè máa rí i nínú dígí ọ̀kadà.

Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́, ó ká ọwọ́ lérí. Ó ní kí n kọ̀wé sí ọkùnrin náà ní kíákíá, ká bẹ̀ ẹ́, ká sọ pé ọmọdé ni. Èmi tí mi ò lè kọ̀wé. Ó ní bí Màmá Ògúndípẹ̀ bá gbọ́ èébú yẹn, ó tán, ojú á tì wá ká gbogbo Ore. Ẹ̀rù ló ń bà á, ẹ má bá a wí. Èmi náà ti ń ronú irú ẹ̀bẹ̀ tá a máa bẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ló dá wa dúró. Ó ní, “Mi ò bẹ̀ ẹ́, Mọ́mì. Tá a bá bẹ̀ ẹ́ lónìí, á ní ká tún wá bẹ òun lọ́la.”

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, àwa mẹ́ta la wọ ọ́fíìsì Màmá Ògúndípẹ̀. Ẹ mọ màmá náà. Bó bá sọ̀rọ̀ nílé-ìwé, àwọn tó wà ní Agbabu á dìde dúró. Ẹ̀gbọ́n mi ti kúnlẹ̀ kó tó dé inú. Mo dọ̀bálẹ̀, mo gùn débi pé ẹsẹ̀ mi ṣì wà níta. Àzíìzàt nìkan ló dúró. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ gbọ́ nǹkan kan,” ó sì tẹ fóònù.

Ohùn ẹ̀ jáde, ó ń rẹ́rìn-ín nínú ẹ̀. Ó ní Màmá Ògúndípẹ̀ máa ń rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n wọ bàtà fún. Ó ní tí wọ́n bá ń pariwo, ojú wọn á ṣíwájú wọn dé kíláàsì.

Mo jẹ́ ẹ̀rín mi mì. Ó ṣì wà nínú mi títí dòní.

Màmá yọ dígí ojú wọn. Wọ́n nù ún, wọ́n nù ún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lọ́wọ́ wọn. Wọ́n bi í pé ṣé ó tán. Àzíìzàt ní ó tán, mà. Ó wá kà fún wọn gbogbo ohun tí ẹni náà kọ, látìgbà tó ti ń jẹ́ Motún títí dé ọ̀rọ̀ ọjọ́ Jímọ̀. Omijé ń bọ́, kò sì dúró.

“Ó dáa,” Màmá Ògúndípẹ̀ ní. “Èébú tó o bú mi, a máa yanjú ẹ̀. O máa gbá ọ́fíìsì yìí fún ọ̀sẹ̀ kan, o sì máa bẹ̀ mí dáadáa. Ṣùgbọ́n ìyẹn ò kan ẹni inú fóònù yìí. Ẹnikẹ́ni ò ní lé ẹ. Pẹ́pẹ́yẹ tó wọ bàtà yìí náà ló máa bá ẹ ja ìjà yìí.”

Ọmọ náà mí kanlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni èémí yẹn ti wà nínú ẹ̀.

Màmá wá jókòó tì wá, wọ́n là wá lọ́yẹ̀ bí ẹni là kòkó. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ àṣírí nìkan ni ohun ìjà irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ẹ̀rù ń bà láti sọ fún ìyá ẹ̀ ni wọ́n ń wá kiri. Wọ́n ní ká má dá a lóhùn mọ́, ká má bú u, ká má bẹ̀ ẹ́, ká má sì pa ohunkóhun rẹ́. Wọ́n ya àwòrán gbogbo ojú ìwé náà pamọ́ sórí fóònù tiwọn. Wọ́n ní ẹnu àgọ́ ọlọ́pàá ló kàn, pé ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọdé.

Mo ní mo ní ọgbọ́n tó dáa jù. Ẹ jẹ́ ká rán Àzíìzàt lọ sí páàkì lọ́jọ́ Jímọ̀, kí n fara pamọ́, bí ọkùnrin náà bá yọ, kí n fò mọ́ ọn, ká dáná sí i níbẹ̀. Màmá wò mí láti orí dé ẹsẹ̀ tó wà níta.

“Waheed, a kì í fi ọmọ dẹ pàkúté. Bẹ́ ẹ bá sì dáná sí i, ta ló máa sọ fún wa iye ọmọ tó tún wà lọ́wọ́ ẹ̀?”

Mo pa ẹnu mi dé. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé mi.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Àzíìzàt wà nínú ọ́fíìsì Màmá, ó ń gbálẹ̀. Èmi wà ní páàkì níbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì Sẹ̀kínát oníbúrẹ́dì. Obìnrin ọlọ́pàá tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọdé náà jókòó tì mí, ó wé gèlè, ó gbé báàgì lẹ́sẹ̀ bí ẹni tó ń retí mọ́tò Benin. Ó ti ní tí fóònù bá dún, kí n má gbé e, kí n má mira, kí n máa wò.

Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń jáde, wọ́n ń sọdá. Fóònù dún nínú àpò mi.

Mo gbójú sókè. Nínú gbogbo èrò yẹn, ẹnì kan ló gbé fóònù sétí tí kò sọ̀rọ̀. Ó wọ kaftan funfun, ó mọ́ tónítóní, ó jọ ẹni tí wọ́n lè ní kó wá gbàdúrà níbi ìsọmọlórúkọ. Bísíkíìtì wà nínú náílọ́ọ̀nù lọ́wọ́ ẹ̀. Ó tó ẹni ogójì ọdún. Motún nìyẹn, ọmọ ọdún mọ́kànlá.

Bó ṣe rí i pé mò ń wo òun, ó sá. Mo fò. Mo fo tírélà mẹ́ta, mo fo tánkà epo kan, mo bà lé e lórí bí àṣá.

Ṣẹ́gun ní irọ́ ni. Ó ní òun wà níbẹ̀, pé abẹ́ tábìlì Sẹ̀kínát ni mo wà, pé Sẹ̀kínát ló ti àpótí búrẹ́dì sí i lẹ́sẹ̀ tó fi ṣubú, obìnrin ọlọ́pàá sì jókòó lé e lẹ́yìn. Ó dáa. Ta ló ní kí Sẹ̀kínát ti àpótí? Èmi ni mo wò ó lójú tó fi mọ̀.

Èyí tí ẹnikẹ́ni ò lè jà mí níyàn ni pé wọ́n rí orúkọ ọmọ mọ́kànlá lórí fóònù ọkùnrin yẹn. Ọmọ ìgboro ni mẹ́jọ. Mẹ́ta jẹ́ ọmọ oko, láti àwọn abúlé tí wọ́n ti ń fi fóònù bàbá wọn sá lọ sídìí igi. Nítorí náà kí ará oko kankan má ní ọ̀rọ̀ Ore lèyí. Ọlọ́pàá ń wá òbí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹjọ́ ẹ̀ sì ti wà ní kóòtù.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà tàn kálẹ̀, àwọn àgbà kan wá bá Màmá Ògúndípẹ̀ nílé-ìwé. Wọ́n ní kí wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ gbogbo ọmọ pírámárì, kí wọ́n má jẹ́ kí wọ́n fojú kan íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Màmá pe Àzíìzàt jáde níwájú gbogbo ilé-ìwé, wọ́n ní kó sọ tẹnu ẹ̀. Mo wà níbẹ̀, lórí fẹ́ǹsì.

“Ẹ̀yin bàbá, ẹ kú iṣẹ́,” ó ní. “Lójoojúmọ́ là ń sọdá títì Benin wá sílé-ìwé. Mọ́tò ń pa èèyàn níbẹ̀. Ẹ ò ní ká má wá sílé-ìwé mọ́. Ẹ dì wá lọ́wọ́ mú, ẹ kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń sọdá. Mi ò ní ju ìwé mi sílẹ̀ nítorí ọkùnrin yẹn. Òun ló yẹ kó sá, èmi kọ́.”

Àgbà kan yọ fìlà. Ó ní ọmọ ta nìyí. Mo ké látorí fẹ́ǹsì pé tèmi ni.

Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ wà lábẹ́ páànù yìí, ẹ gbọ́ èyí tó jẹ́ òótọ́ tí ò ní àfikún. Bí ẹ bá fún ọmọ ní fóònù, ẹ má fún un ní ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Kó lò ó ní gbangba, níbi tí etí wà. Bí ẹ ò bá mọ̀wé kà bíi tèmi, ẹ ní kó kà á síta, kẹ́ ẹ sì tún ní kí ẹlòmíì tó mọ̀wé wò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ́ ọ pé kò gbọ́dọ̀ sọ orúkọ ilé-ìwé ẹ̀ fẹ́ni tí kò mọ̀ lójúkojú, kó má fi fọ́tò yúnífọ́ọ̀mù ránṣẹ́, kó má sì lọ pàdé ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá sọ fọ́mọ pé “má sọ fún màmá ẹ,” ọ̀tá ni, ì báà jẹ́ pé ó ń fún un ní gbogbo géèmù ayé. Bó bá sì ti ṣẹlẹ̀ ná, ẹ má na ọmọ kó tó sọ tán. Bí ẹ bá nà án lónìí, ẹlòmíì ló máa gbọ́ tọ̀la. Ẹ má fọ́ fóònù, ẹ má bẹ aṣebi. Ẹ gbé e lọ bá tíṣà, ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá.

Ní ilé tiwa, a ti gbé tábìlì kan sí ẹnu ọ̀nà pálọ̀. Pèpéle là ń pè é. Ibẹ̀ ni fóònù mi ń sùn. Ní aago mẹ́rin lójoojúmọ́, Àzíìzàt á jókòó síbẹ̀, á kàwé ẹ̀, á ṣe géèmù ẹ̀, á ka ohun tó wọlé síta, èmi náà á sì mú sílétì mi. Ó ń kọ́ mi. Mo ti mọ̀wé tán. Níbi tí mo dé yìí, ó kù díẹ̀ kí wọ́n fi mí ṣe ọ̀gá àgbà yunifásítì.

Ṣẹ́gun ní kí n ka ohun tó wà lára bọ́ọ̀sì yẹn. Bọ́ọ̀sì yẹn ń sáré jù. Kó dúró ná.

Ẹ gbọ́, fóònù mi dún. Ìwé kan ló wọlé. Ẹ dúró, màá kà á fún yín níbí. M. Lẹ́yìn ẹ̀, O. Èyí tó tẹ̀ lé e yìí, wọ́n ò kọ ọ́ dáadáa. Nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ ni. Kò burú, màá dá a lóhùn fúnra mi. Ìka mi yára ju mànàmáná lọ.

Sẹ̀kínát ti gbá mi lọ́wọ́. Òjò ti dá, Ṣẹ́gun ti ń ti ọ̀kadà mi bọ́ sójú ọ̀nà. Gbogbo ẹ̀yin tó wà lábẹ́ páànù, àtàwọn tí mi ò tiẹ̀ mọ̀, ohùn kan náà lẹ fi ń lé mi:

“Waheed, má dá a lóhùn. Aago mẹ́rin ti lù. Máa lọ sílé, lọ bá ọmọ yẹn lórí pèpéle.”